Ẹ Má, Ẹ Máa

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló gbé bàbá arúgbó kan lọ sẹ́wọ̀n, ọwọ́ Ìyá Fẹ̀sọ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má wí pé obìnrin náà burú o. Ká ní ó burú ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá tilẹ̀ rọrùn díẹ̀.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wádìí ọ̀ràn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá kan tó ní fèrèsé kan àti tábìlì mẹ́ta. Bí wọ́n bá gba ohùn ẹlẹ́rìí sílẹ̀, tàbí tí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fóònù gbà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Òun á ki íápíìsì bọ etí, á tẹ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sínú ìwé, torí àwọn tó ń dájọ́ kò ráyè gbọ́ ohùn. Ìwé ni wọ́n ń kà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti wà nídìí ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó ṣe kíá, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Fẹ̀sọ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju orúkọ àbísọ lọ.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti darúgbó. Pléyà tó bá a wá, ìyẹn ohun tó fi ń gbọ́ àwọn ohùn náà, wúwo débi pé bó bá tẹ̀ ẹ́, ó lè lọ mu omi kó padà dé kó tó ṣí. Bó bá sì ṣí tán, àwòrán olórin ni yóò kọ́kọ́ máa fi hàn án, àfi bí ẹni pé òde ijó ló wà. Baba tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún wọn ló bá a wá kékeré kan fi sí i. Fẹ́lẹ́ báyìí ni, kò ju ìlà kan lọ lójú kọ̀ǹpútà: bọ́tìnnì kan láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láti dúró, ọ̀kan láti padà sẹ́yìn, àti ohun kan tí èèyàn ń fà láti fi dín eré ohùn kù tàbí láti fi kún un. Kíá ló ń ṣí, kì í sì í rojọ́.

Ìyá Fẹ̀sọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú. Oríkèé ìka rẹ̀ méjì ti ń le, kò lè sáré tẹ̀wé mọ́. Ó wá fa eré ohùn wálẹ̀ dé ìdajì, ó sì fi í síbẹ̀, torí ibi téèyàn bá fi pléyà náà sí lónìí, ibẹ̀ ni yóò bá a lọ́la. Gbogbo ayé wá ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, òun náà ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó gbà pé báyìí, òun ò lè ṣàṣìṣe mọ́ láyé.

Ọ̀ràn náà rèé. Iná jó ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù ibùsùn. Èèyàn méje kú sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èéfín ló pa wọ́n. Bàbá Aṣọ́nà, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọ̀gá òun ló sọ fún òun lórí fóònù pé kí òun má ṣí i, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà fi iná bojú kó fóòmù lọ. Ọ̀gá ní irọ́ ni, òun ní kó máa ṣí i fún wọn ni. Ẹ̀rọ fóònù ilé iṣẹ́ náà sì gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ó wà lára ohùn mọ́kànlá tí wọ́n kó síwájú Ìyá Fẹ̀sọ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ayé ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Ó tẹ ohun tó gbọ́: "Bàbá, ẹ máa ṣí i fún wọn títí n ó fi dé."

Ìwé náà dé iwájú àwọn adájọ́. Wọ́n bi bàbá pé ṣé etí rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, etí wo ló fẹ́ dá ṣáká? Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fún un.

Ó di oṣù kẹrin kí ọmọbìnrin bàbá náà tó wá sí ọ́fíìsì. Aránṣọ ni, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀. Ó mú ìwé àṣẹ lọ́wọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn náà. Ó ní òun ò wá jà. Bàbá òun alára ti gbà, ó ní ìwé kì í purọ́, etí òun ló tan òun jẹ, òun lòun pa èèyàn méje. Ó ti ránṣẹ́ bẹ ẹbí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ ò sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ, kí òun náà lè gbà.

Àánú ṣe Ìyá Fẹ̀sọ̀. Ó fún un ní àga, ó yọ íápíìsì kí àwọn méjèèjì lè jọ gbọ́, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò rántí pé baba alátùn-únṣe ti wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti yọ pléyà náà, ó ti fi tuntun irú rẹ̀ síbẹ̀, tuntun náà kò sì mọ ibi tí obìnrin náà máa ń fa eré sí. Ohùn ọ̀gá jáde bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ bọ́ gan-an, kíá, pẹ̀lú ìbínú:

"Bàbá, ẹ má ṣí i fún wọn títí n ó fi dé."

Ọmọbìnrin náà ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ẹ má. Ìyá Fẹ̀sọ̀ fa eré wálẹ̀ dé ìdajì, níbi tó ti ń gbọ́ ayé láti ọdún méjì. Á náà fà, ó gùn, ó di ẹ máa. Ó dá a padà: ẹ má. Ẹ̀sọ̀ tó fi mú un, ẹ̀sọ̀ yẹn ló bà á jẹ́.

"Ta ló tẹ ìwé yẹn, mà?"

"Èmi ni." Kò mẹ́nu ba oríkèé, kò mẹ́nu ba pléyà. Ojú tì í dé egungun.

Ọjọ́ náà gan-an ló gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì wọn lọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣàṣìṣe, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dára, àwọn á gbé e sókè. Òkè tí wọ́n ń gbé ìwé lọ nínú ọ́fíìsì yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì rí ìwé tó ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Kíá ni wọ́n fi gbé bàbá wọlé. Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n wá fẹ́ fi gbé e jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gbé bàbá lọ sí yàrá àwọn aláìsàn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọmọ rẹ̀ ti sọ ohun tó gbọ́ fún un, kò gbà á gbọ́. Ó ní ọmọ òun ń fi ọ̀rọ̀ tu òun nínú ni. Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ rí Ìyá Fẹ̀sọ̀ sójú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí bàbá òun fi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá sùn, ló bá wá mú un lọ.

Wọ́n gba fóònù wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ibùsùn onírin mẹ́rin ló wà nínú yàrá náà, ti bàbá ló wà lábẹ́ fèrèsé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù fún un, bí wọn ò tiẹ̀ tíì mọ̀. Ìyá Fẹ̀sọ̀ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá, èmi ni mo tẹ ìwé yẹn. Ẹ má ṣí i ni wọ́n sọ. Kò sóhun tó ṣe etí yín."

Bàbá bi í bóyá ó dá a lójú. Obìnrin náà ní ó dá òun lójú.

"Á jẹ́ pé mo gbọ́ dáadáa." Ojú rẹ̀ kò tàn bí wọ́n ṣe rò pé yóò tàn. "Àwọn tó ń lu ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Mo gbọ́ àwọn náà dáadáa."

Ẹkún gbé Ìyá Fẹ̀sọ̀. Kò lè pa á mọ́ra, ó fi orí lé etí ibùsùn náà, ó ń sun ún bí ọmọdé. Bàbá na ọwọ́, ó gbé e lé e lórí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n àìsàn ti mú ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ náà ń fà bó ṣe ń jáde. Bóyá ó ní kó má sunkún ni o, bóyá ó ní kó máa sunkún ni o. Nígbà tí Ìyá Fẹ̀sọ̀ fi máa gbé orí sókè, bàbá ti di ojú, nọ́ọ̀sì sì ti ń sọ fún wọn pé àkókò ti tó.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sí títì, ó di ọmọbìnrin náà lápá aṣọ mú.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ìwọ dúró létí wọn. Kí ni wọ́n sọ fún mi? Ẹ má ni, àbí ẹ máa?"

Ọmọbìnrin náà rọra yọ apá aṣọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, mà."

Ó yà sí apá kejì títì, ó sì ń lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.