Ẹ Yọ Orúkọ Mi Kúrò Níbẹ̀

Ọkọ mi Rangel kì í tẹ ìwé ìkéde òkú fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pe ilé olóògbé. Ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù ìbáà máa sunkún, ìbáà jẹ́ àlùfáà, Rangel á ka ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sókè, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á gbé fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé òótọ́ ni pé ẹni yín ti kú?" Bí wọ́n bá ti ní òótọ́ ni, á ní kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere, á sì tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ní ìlú Lom, létí odò Dánúbè, bí ènìyàn bá kú, ojú pópó la ti ń rí i. Àwòrán rẹ̀ á wà lórí bébà tí a fi ìlà dúdú yí ká, lára ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, lára òpó iná, ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ní ogójì ọjọ́ a ó lẹ òmíràn, ní oṣù mẹ́fà òmíràn, lọ́dọọdún òmíràn. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ ẹ́ máa ń wà nísàlẹ̀. Àwọn kan sì wà láàárín wa tí wọ́n ń fi bébà yìí halẹ̀ mọ́ ọ̀tá. Wọ́n á tẹ ìkéde òkú ẹni tó wà láàyè, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ kí ó bá ikú ara rẹ̀ pàdé. Ṣọ́ọ̀bù tó bá tẹ irú rẹ̀ ti gbè sẹ́yìn apànìyàn nìyẹn. Torí èyí ni Rangel fi ń pe ilé.

Nígbà tí Rangel alára kú, èmi àti àbúrò mi Kuncho la ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ Lom ti fọ́n ká Sípéènì àti Jámánì, wọn kò rí òpó iná wa mọ́. Wọ́n ń bẹ̀ wá pé kí a máa gbé ìkéde sórí ìkànnì ayélujára. Kuncho wá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Sófíà, olú ìlú wa, Kalin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí bébà, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún.

"Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ yàn," ó ní, "ni ètò tí á máa bá yín darí ohun tó ń wọ orí ìkànnì. Méjì ni mo mú wá. Ẹ wo èyí. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó rí bí aṣọ ìyá àgbà. Ohunkóhun tí oníbàárà bá kọ ránṣẹ́, á dúró sínú yàrá kan títí ẹnì kan nínú yín á fi kà á, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un."

"Ìyẹn dára," mo ní.

"Màámi, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Èkejì yìí, ilé iṣẹ́ wa ló ṣe é. Ẹni tó wà ní Madrid á kọ ìkéde, á fi fọ́tò sí i, kíá, ó ti jáde. Ẹ lè máa jẹun lọ́wọ́, ó ti jáde."

Mo béèrè pé, "Bí ọ̀rọ̀ tó jáde náà kì í bá ṣe òótọ́ ńkọ́? Ta ló lè yọ ọ́?"

"Ẹni tó kọ ọ́. Tàbí àwa ní Sófíà."

"Àwa tí a ni ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, òkú wo ló máa wá bá yín jà?"

"Tí a bá sì fẹ́ kó ẹrù wa jáde lọ sí ibòmíràn lọ́jọ́ kan?"

"Ta ló ń kó jáde nílé tó dùn ún gbé?"

Kuncho náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ ká dàgbà ju ọjọ́ orí wa lọ. Oníṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú ti ń gbé ti ẹ̀ jáde ní wéré. Ẹ fẹ́ ká máa pe fóònù títí ayé? Ẹ̀yin àti bọ̀ọ̀dá Rangel!"

Mo gbà fún wọn. Ohun tó mú mi gbà ni pé Kuncho rí ohùn Rangel nínú fóònù àtijọ́ kan, níbi tó ti ń ka ìkéde òkú arúgbó kan tí a kò mọ̀, ó sì gbé ohùn náà sójú ìwé Rangel lórí ìkànnì tuntun. Àwọn ènìyàn ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan kọ ọ́ pé Rangel ló bá òun sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ nígbà tí ọmọ òun kú. N kò mọ̀ rí. Àràárọ̀ ni mo máa ń kà wọ́n pẹ̀lú kọfí mi, n óò sì tẹ ibi tí ohùn rẹ̀ wà. Fóònù àtijọ́ náà bàjẹ́ lẹ́yìn náà, n kò sì ṣe ẹ̀dà kankan. Mo rò pé ohun tó ti wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Sátidé àwọn Òkú dé, èyí tó máa ń ṣáájú ààwẹ̀. Gbogbo ìlú wà ní itẹ́ òkú nínú ẹrẹ̀ àti kùrukùru, wọ́n ń da wáìnì sórí ibojì, wọ́n ń pín búrẹ́dì àti àlìkámà sísè fún ara wọn. Mo kúnlẹ̀ níbi tí Rangel wà. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ké, tí àwo rẹ̀ sì fọ́. Ó di fóònù mú, ojú rẹ̀ ń lọ láti orí fóònù sí ọkùnrin kan tó dúró ti ibojì ìyá rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Stamen Barzov ni. Òun ló ń wa yanrìn nínú odò, òun àti àwọn kan sì ti ń bá ara wọn jà lórí ibi tí kálukú á ti máa wà á. Wọ́n ti dáná sun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kan ṣáájú ìgbà náà.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fóònù, wọ́n ń ṣe àmì àgbélébùú. Èmi náà wo tèmi. Àwòrán Stamen wà nínú ìlà dúdú. *Ó kú lónìí, lójijì.* Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ ọkọ mi wà.

Fóònù Stamen dún. Neda ọmọ rẹ̀ ló ń pè láti Sípéènì, igbe rẹ̀ sì le débi pé àwa tí a wà lókèèrè gbọ́ ọ. "Mi ò kú," Stamen ń sọ. "Neda, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò kú." Ó gbójú sókè, ó wò mí láàárín àwọn ibojì. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré lọ sídìí mọ́tò rẹ̀.

Kuncho nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sáré nínú ẹrẹ̀ títí bàtà mi kan fi bọ́ sọnù.

Gíláàsì ilẹ̀kùn ti fọ́ sí títì kí n tó dé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wó lulẹ̀, yíǹkì dúdú ń ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì. Stamen ti lu Kuncho débi pé ojú rẹ̀ kan ti dí pátápátá. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ ìgébébà, èyí tí a fi ń gé òkìtì bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ òsì Kuncho wà lábẹ́ abẹ. Ọwọ́ Stamen wà lórí irin tó ń fà á wálẹ̀.

"Ìyàwó Rangel," ó ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn!" Ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu Kuncho jáde. "Ẹ sọ fún wọn pé mi ò mọ nǹkan kan!"

"Dákẹ́! Ta ló rán yín?"

"Bàbá Neda, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó rán wa," mo ní. "Ó ń dá jáde fúnra rẹ̀ ni."

"Ikú mi ló ń dá jáde fúnra rẹ̀? Ẹ yọ ọ́!"

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo wá ibi tí a ti ń yọ nǹkan, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lóhùn pé ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè yọ ọ́. Mo pe Kalin, kò gbé e. Mo pe ilé iṣẹ́ wọn ní Sófíà. Orin dídùn kan kọ, ohùn obìnrin kan sì ní kí n pè padà lọ́jọ́ Ajé.

Stamen gbọ́ orin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. "Wọ́n ń kọrin fún ikú mi! Wọ́n ti sin mí tán, wọ́n wá ń kọrin!" Ó yí ọwọ́ Kuncho sí ẹ̀gbẹ́, ó fa irin wálẹ̀.

Ìka ọmọńdinrín Kuncho bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn bébà funfun. Ó ké.

Òòlù tí a fi ń kan ìkéde mọ́ òpó wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo fi lu Stamen léjìká pẹ̀lú gbogbo agbára mi, mo sì gbọ́ tí egungun dún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi lẹ́nu, mo ṣubú lu ògiri, eyín mi kan wà lórí ahọ́n mi. Kò tilẹ̀ fi Kuncho sílẹ̀. Ó ti gbé abẹ sókè padà, ìka mẹ́rin tó kù ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Mi ò ní ka ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan," ó ní.

Mo rákò padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo wá a títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ènìyàn kì í dé. Ohun kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí wọ́n fún àwa oníṣọ́ọ̀bù láṣẹ láti ṣe: kí a pa ìkànnì náà rẹ́ pátá. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á lọ, kò sì ní ṣeé dá padà. Ó ní bí ó bá dá mi lójú, kí n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa ni Rangel.

Ó wù mí kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn mi ni Kuncho ti ń mí bí ẹranko tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Mo kọ lẹ́tà kìn-ín-ní. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi ń kán sórí àwọn lẹ́tà náà, mo ń fi apá aṣọ nù ún, mo ń kọ. Nígbà tí mo kọ èyí tó kẹ́yìn, ojú kọ̀ǹpútà funfun bí aṣọ ìsìnkú.

"Ó ti lọ," mo ní. "Ẹ wo fóònù yín."

Stamen fi ọwọ́ kan yọ fóònù rẹ̀. Ó wò ó, ó tún wò ó. Neda tún pè. "Mo wà, ọmọ mi," ó ní. "Mo wà. Wọ́n ti yọ ọ́." Ó fi irin sílẹ̀, ó jókòó sórí òkìtì bébà, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Mo fa ọwọ́ àbúrò mi jáde.

Àwọn ọlọ́pàá mú Stamen níwájú ilé rẹ̀, kò bá wọn jà. Ẹni tó kọ ìkéde náà, wọn ò rí i títí di òní. Mo gbé ìka Kuncho lọ sílé ìwòsàn nínú àwo yìnyín, ṣùgbọ́n wọn ò lè so ó padà.

Lọ́jọ́ Ajé, Kalin pè. "Màámi, mo rí i pé ẹ ti pa ìkànnì yín rẹ́. Ṣé kò tẹ́ yín lọ́rùn ni?"

Kuncho gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Kalin, ìka mi ní kí n kí ẹ," ó ní, ó sì pa á.

Nígbà tí a ó tún yàn, Kuncho ló ń béèrè. Gbogbo ẹni tó bá wá tajà fún wa ló ń bi: ta ló ń ṣílẹ̀kùn, ta ló lè yọ ọ́, ṣé a lè kó ẹrù wa jáde? Èyí tó rí bí aṣọ ìyá àgbà la padà mú. Ohun tí ẹnì kan bá kọ síbẹ̀, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ kà á kó tó jáde.

Ìkéde Rangel ni mo kọ́kọ́ kọ. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn wa ni mo wò kọ ọ́. Òjò ti pa ojú rẹ̀ rẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì wà. Mo fi ránṣẹ́, mo bọ́ sẹ́yìn ilé lọ fọ ife kọfí.

Mo gbọ́ tí Kuncho ń kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù, díẹ̀díẹ̀, láìfo ọ̀rọ̀ kankan. Ó kà á tán. Fóònù dún nínú àpò aṣọ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ni àbúrò mi wí. "Ṣé òótọ́ ni pé Rangel yín ti kú?"

Omi ẹ̀rọ ṣì ń dà sínú ife. Mo pa ẹ̀rọ omi náà.

"Òótọ́ ni," mo ní.

"Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere," ó ní, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.