Orúkọ Kúkúrú fún Àǹtí Asiata

Asiata tún ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀. Kò ṣeé ká mọ́ láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ márúwá ti gbé e dojú dé ní àdúgbò Mgbuoba.

"Shakirat, mi ò ṣe mọ́. Ìwọ ni kó o máa wá àṣìṣe. Èmi á máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù."

Nínú yàrá yìí ní Rumuomasi ni Asiata, obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti kọ́ Shakirat níṣẹ́. Kọ̀ǹpáílà ni wọ́n ń ṣe, ètò tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Bó bá ṣìṣe, wọn a fi dìbọ́gà, ètò tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe, dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọn a ní kó fi inú rẹ̀ hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fẹ́ rí ló ní àṣẹ tirẹ̀, orúkọ àwọn àṣẹ náà sì gùn jàn-ànràn-jan-anran. Kí ọwọ́ kan tó tẹ̀ ẹ́ tán, ohun tí èèyàn ń rò á ti sá lọ.

"Ẹ jẹ́ n máa bá yín tẹ̀ ẹ́, mà."

"Rárá o. Bí ẹlòmíì bá ń tẹ̀ ẹ́, orí mi kì í ṣiṣẹ́."

Nígbà tí Asiata lọ kí ìrun Jímọ̀, Shakirat jókòó ti iṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ó kó gbogbo àṣẹ gígùn náà sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: *wo*. Ohun yòówù kí wọ́n nà án sí, *wo* fúnra rẹ̀ ni yóò dá a mọ̀.

Bí Asiata ṣe wọlé, Shakirat pè é sídìí ẹ̀rọ. "Ẹ kàn tẹ *wo*, mà, kẹ́ ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí."

Asiata tẹ̀ ẹ́. Inú kọ̀ǹpáílà ṣí sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sí ohun mìíràn, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sún mọ́ ojú ẹ̀rọ.

Shakirat lọ ra bọ́ọ̀lì àti ẹja. Ó gbé e dé. Asiata ò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

"Shakirat! Ta ló kọ ìlà yìí?"

"Èmi ni, mà."

"O ti ní kí kọ̀ǹpútà ju nǹkan nù, o tún padà ń lò ó! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Abẹ́gì, wá tún un ṣe!"

Shakirat sún àga mọ́ ọn. Láti ọjọ́ ìjàǹbá yẹn, ohùn jẹ́jẹ́ ni Àǹtí fi ń bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Etí rẹ̀ gbóná bó ṣe ń tún ìlà náà ṣe, síbẹ̀ ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àárò ìbáwí ti ń sọ òun.