Ohun Tí Òṣùwọ̀n Kò Rí

Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìn pápá bààlúù ni Ìyá Télọ̀ ti ń pọn màṣíìnì ìránṣọ sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ. Orí màṣíìnì nìkan ni, ó ti tú u kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ni irin ń jẹ́: ó ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ọ̀já dì í, ó tún fi òmíràn dì í, ó wá fi ìborùn gbàgẹ̀rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán, òun àti báàgì rẹ̀. Wọn kì í wọn èèyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ni kó ṣe? Ẹ̀ṣọ́ igbó ni ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́. Inú ọgbà àwọn ẹranko tí ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ ló ń gbé láti ọjọ́ ìgbéyàwó, iṣẹ́ ìránṣọ tó kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ sì ti ń di ìgbàgbé. Omi ti gbé afárá lọ, bọ́ọ̀sì kò lọ síbẹ̀ mọ́. Bààlúù kékeré yìí ló kù, báàgì kan péré ló sì ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

"Màmá, ẹ máa rí èmi àti ọmọ lábẹ́ igi ní òpin pápá," ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un lórí fóònù. "Ibẹ̀ ni bààlúù máa ń dúró sí."

Awakọ̀ òfurufú ti jókòó níwájú nígbà tí Ìyá Télọ̀ wọ bààlúù. Tíṣà kan tó ń lọ kọ́ ọmọ àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, àti káfíńtà kan tó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ọmọ o, Màmá. Ó sùn ni?"

"Ó sùn," ni Ìyá Télọ̀ wí, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bààlúù sáré, ó sáré, kò tètè kúrò nílẹ̀. "Kí ló dé tí nǹkan yìí wúwo báyìí?" ni awakọ̀ ń kùn. Nígbà tó yá, ilé tán nísàlẹ̀, ọ̀nà tán, ó ku igbó lásán. Ẹ̀rù wá ń ba Ìyá Télọ̀ pé bí àwọn bá já sínú ibẹ̀, ta ni yóò rí àwọn?

"Pápá ibi tí à ń lọ kúrú," awakọ̀ sọ fún wọn, "koríko rẹ̀ sì tutù lónìí. Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ṣírò ìwọ̀n wa. Ká ní ó lé ni, yóò yọ̀ kọjá òpin pápá kí n tó rí i dá dúró."

Ìyá Télọ̀ rántí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Òpin pápá. Lábẹ́ igi.

Òun gan-an ló máa ń bú àwọn oníbàárà tó ń fa ikùn wọlé bó bá ń wọ̀n wọ́n. "Téèpù lẹ ń tàn, àbí ara yín?" Ó bẹ̀rù ikú, ó bẹ̀rù ìtìjú, kò sì mọ èyí tó tóbi jù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tíì jìnnà rárá, òtítọ́ ti dúró dè é nísàlẹ̀, ó pọnmọ sẹ́yìn.

"Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe ọmọ ni mo pọ̀n. Màṣíìnì ni. Irin ni."

Awakọ̀ yí ọrùn padà. Kó tó lanu, tíṣà wúkọ́.

"Èmi náà... ìwé wà lábẹ́ kóòtù mi. Ó pọ̀ díẹ̀."

Káfíńtà ká ẹ̀wù sókè. Ìṣó ló dì mọ́ ìdí, àpò lórí àpò. "Mo rò pé tèmi nìkan ni," ó wí bí ọmọdé.

"Ẹ fẹ́ pa wá ni?" Awakọ̀ kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. "Kùrukùru ti dí ẹ̀yìn, a ò lè padà. A ó máa yí po lókè títí epo yóò fi dín kù. Epo náà wúwo. Kí òjò iwájú yẹn ṣáà má kọ́kọ́ dé."

Wọ́n ń yí po. Nísàlẹ̀, pápá náà rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí àjákù aṣọ. Ìyá Télọ̀ rí nǹkan pupa kan lábẹ́ igi, ó ń juwọ́. "Kúrò níbẹ̀!" ó ké mọ́ gíláàsì. "Kúrò níbẹ̀, ọmọ mi!" Nǹkan pupa náà tún juwọ́. Òjò ń sún mọ́lé.

Nígbà tó yá, awakọ̀ ní kí wọ́n di àga mú. Táyà gbá ilẹ̀, ó yọ̀, omi ta bo fèrèsé. Igi náà ń tóbi. Ó ń tóbi sí i. Lẹ́yìn náà, bààlúù dúró.

Ìyá Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ojú télọ̀ kò lè ṣe kó má wọn nǹkan: láti imú bààlúù dé abẹ́ igi, ìwọ̀n aṣọ tó máa ń gé fún kọ́tìnnì fèrèsé kan ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ kò sá. Kí ni ì bá sá fún? Ibẹ̀ ni bààlúù máa ń dúró sí.

"Màmá, ẹ káàbọ̀! A rí i tí ẹ ń yí po lókè. Mo ní awakọ̀ ń fi erin hàn yín ni!"

Ìyá Télọ̀ tú ọ̀já, ó gbé màṣíìnì sórí koríko tútù, irin náà sì rì díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ké fún ayọ̀, ó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè rí màṣíìnì náà wò dáadáa.

Ìyá Télọ̀ gbé ọmọ náà dání fúngbà díẹ̀ kó tó fà á mọ́yà. Kò wúwo tó màṣíìnì náà.