Ẹfun Herminia

Ẹfun ni wọ́n fi ya àgbélébùú sílẹ̀ níbi tí wọ́n tẹ́ òkú Herminia sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn àdúrà, wọn yóò gbá a jọ, wọn yóò sì gbé e lọ sí ibojì. Ní abúlé wọn ní Oaxaca, ọmọ òkú ló ń gbá ibi orí àgbélébùú náà. Obdulia nìkan ni Herminia bí.

Láti ìgbà tí ibà kan ti dá Obdulia dùbúlẹ̀ ni agbára rẹ̀ kò ti padà mọ́. Bí ó bá wẹ̀ lónìí, kò ní lè dìde lọ́la. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí, kò rí nǹkan kan. Kò lè lọ síbi ìsìnkú.

Ó sọ fún Fidencio, bàbá rẹ̀, pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ìwọ̀nba agbára tó kù lára mi. Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi gbá ẹfun màmá mi."

Ó wá dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àwọn obìnrin pọ́n tamále, oúnjẹ àgbàdo inú ewé, tán lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n wọlé wá kí i. Eufrasia, àbúrò Fidencio, ló ṣíwájú.

"Obdulia, o ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún gan-an á ti máa bẹ̀ ẹ́ pé kóun náà sinmi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí."

"Jókòó dáadáa jàre, ká rójú ẹ."

Ó jókòó. Ẹnì kan dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, àfi ìgbà tí Obdulia bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó wo bàbá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Fidencio mọ ohun tí ojú yẹn ń bẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í lé ẹni tó wá kẹ́dùn. Ó wolẹ̀.

Nígbà tí àdúrà ìrọ̀lẹ́ parí, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá gbá ẹfun, Obdulia dìde, ó di ògiri mú, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Fidencio gbé e padà sórí ibùsùn.

"Ẹ ní kí wọ́n dúró díẹ̀, Bàbá."

Wọ́n dúró. Ilẹ̀ ń ṣú.

"Ṣé wọ́n ṣì ń dúró?"

"Wọ́n ti gbá a."

"Ta ló gbá a?"

"Eufrasia."

Ó yíjú sí ògiri. Kò sunkún, ẹkún náà ń fẹ́ agbára.

Obìnrin kan tún yọjú pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. "Mi ò ní pẹ́, mo kàn fẹ́ kí i ni."

"Ẹ máa lọ," ni Fidencio wí. "Ara ọmọ mi ò yá."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fẹ̀yìn tì í. Lóde, orin àwọn tó ń gbé ẹfun aya rẹ̀ lọ ti ń jìnnà.