Ojú Àyálò

Ojú ẹ̀rọ ìkàwé tí Àlàkẹ́ yá lọ́wọ́ Tíṣà Christiana ṣàdédé kú, ó sì ku ojú ewé mẹ́ta kí ìtàn parí. Tíṣà ò bínú. Ó ní òun á ra ojú mìíràn ní Ìbàdàn tí wọ́n gbé iṣẹ́ òun lọ, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ yìí ni òun máa gba ẹ̀rọ náà.

Àlàkẹ́ sáré gbé e lọ bá Mùhyídéènì, atúnfóònùṣe ní àdúgbò Tudun Wada.

“Inú ikùn ẹ̀rọ ni ìwé wà, ikùn ò sì ṣe nǹkan kan,” ni Mùhyídéènì wí. “Ojú kan ò bá ikùn kan ṣègbéyàwó.”

Ó mú ojú ẹ̀rọ tí oníbàárà rẹ̀ kan, Bàbá Jàfárù, fi sílẹ̀ kó gba iná, ó gbé e sún mọ́ ikùn náà. Kò so wáyà kankan. Ibi tí Àlàkẹ́ kàwé dé yọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Àlàkẹ́ yí i síwá sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé.

Àfi bí Bàbá Jàfárù ṣe wọlé. Àlàkẹ́ kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ojú ẹ̀rọ yín ka ìtàn yìí tán. Ìyàwó kan ló sọdá odò nínú rẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó padà.”

Bàbá fa àpótí, ó jókòó. “Kà á sókè.”

Ó kà á. Ìyàwó náà padà.

“Kí ló lé e kúrò nílé?” ni Bàbá bi í. “Padà síbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú.”