Ojú Ewé Tí Islamiyat Rántí

Ìwé méje ni Islamiyat kà tán láàárín oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, nínú gbogbo wọn kò sì sí èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ti dá ohun kan sílẹ̀ tí apá wọn kò ká mọ́. Ẹja tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ títí tó fi tóbi bíi bọ́ọ̀sì. Èèrà tó ń jẹ irin. Kòkòrò àìfojúrí tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ológun. Dúgbẹ̀ ló ti ń rà wọ́n, lọ́wọ́ bàbá kan tó máa ń to ògbólógbòó ìwé sórí rọ́bà lẹ́bàá títì. Bí ìwé kan bá ti ní àwòrán eyín ṣóṣóró níwájú, bàbá náà á ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ dè é.

"Alhaja kékeré, tìẹ rèé o. Èyí á lé oorun lójú ẹ."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Islamiyat. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé tí wọ́n ti ń ṣe bílíìṣì, omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Moníyà lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ọ̀nà náà sì jìn, nítorí náà inú ọkọ̀ ló ti ń ka èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀. Ó máa ń kà á níbi iṣẹ́ pẹ̀lú, bí àkókò ìsinmi bá tó.

Máníjà wọn, Ọ̀gá Adéyẹmọ, tí í ṣe díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá.

"Islamiyat, odindi ẹni tó ti jáde yunifásítì, kí lò ń fi ìtàn ẹranko ẹhànnà ṣe? Ka ohun tó máa ṣe ẹ́ láǹfààní."

"Ẹ má bínú, sà," ni yóò sọ, á sì ti ìwé náà bọ abẹ́ fáìlì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ó wà nídìí tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì òkè nígbà tí nǹkan dún gbàà lẹ́yìn ilé, bí ẹni pé irin ńlá já bọ́. Lẹ́yìn náà ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, kò sì dákẹ́. Òórùn bílíìṣì dé sí i nímú. Ìyẹn kì í ṣe tuntun níbẹ̀, gbogbo aṣọ wọn ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ta á nímú bí ata tútù, omi sì dé sí i lójú.

Ó dìde, ó yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe bílíìṣì sí, nǹkan kan ń tú jáde. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín yẹ́lò àti àwọ̀ ewé. Kò dà bí èéfín, nítorí pé kò lọ sókè. Ó ń rá pálá nílẹ̀. Ó kan táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó bo táyà náà mọ́lẹ̀, ó sì ń bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lọ sí ọ̀nà géètì. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fo fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, wọ́n ń sá lọ.

Ọ̀gá Adéyẹmọ já jáde láti yàrá rẹ̀. "Géètì! Gbogbo yín, ẹ máa sáré lọ sí géètì!"

Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri nìyẹn: bí ewu bá dé, géètì ni kí gbogbo òṣìṣẹ́ ti pàdé. Àga ń ṣubú, bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀. Islamiyat náà ti dé ẹnu àtẹ̀gùn kí nǹkan kan tó sọ sí i lọ́kàn. Ó ti ka irú èyí rí. Kò rántí ìwé wo ni, ṣùgbọ́n ó rántí ojú ewé náà: obìnrin onímọ̀ kan nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, ẹranko náà lẹ́yìn rẹ̀, gáàsì aláwọ̀ ewé níwájú. Obìnrin náà pariwo fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, pé ilẹ̀ ló ń gbà bí omi, òkè ni kí wọ́n gùn.

"Ẹ má lọ!" Ohùn rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ilẹ̀ ni gáàsì yẹn ń gbà. Géètì ló ń lọ. Ẹ jẹ́ ká gun òrùlé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ó nawọ́ sí ìta. "Ẹ wo ojú fèrèsé, sà!"

"Òrùlé? Ká wá há síbẹ̀? Islamiyat, èyí kì í ṣe ìtàn o!"

Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ̀kalẹ̀. Èèyàn mẹ́ta tẹ̀ lé e. Akínlolú tó ń bójú tó ọjà títà fẹ́ tẹ̀ lé wọn, Islamiyat fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Akínlolú, wò ó! Wo ibi tó ń lọ!"

Akínlolú wo ìta. Ó wo àtẹ̀gùn. Ó wá yí padà, ó gba ọ̀nà òkè, àwọn méje tó kù sì rọ́ tẹ̀ lé e.

Láti orí òrùlé ni wọ́n ti rí i. Ọ̀gá Adéyẹmọ àti àwọn mẹ́ta náà kò tíì dé ìdajì àgbàlá tí ohun yẹ́lò náà fi lé wọn bá. Ó kọ́kọ́ mu wọ́n dé orókún, lẹ́yìn náà ó dé àyà. Ọ̀gá tẹ̀, ó di ọ̀fun mú, ó sì kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn tó wà lóde géètì na ọwọ́, wọ́n ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan lórí òrùlé bú sẹ́kún.

Akínlolú ló wá bèèrè. "Ìyá Mojí ńkọ́?"

Ìyá Mojí ló ń gbálẹ̀ fún wọn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, etí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ní irú àkókò yìí, yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí.

Nínú ìwé, akọni obìnrin á ti sáré lọ kí òǹkàwé tó ṣí ojú ewé. Ẹsẹ̀ Islamiyat kò gbéra. Ó dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ kí ẹlòmíì sọ pé òun á lọ. Nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ó lọ.

Ní ọ́fíìsì òkè, ó yà sí ilé ìwẹ̀, ó ṣí híjáàbù rẹ̀ kúrò lórí. Jálá bílíìṣì kan wà nílẹ̀, garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ewé yẹn tún padà wá: obìnrin onímọ̀ náà rẹ aṣọ sínú bílíìṣì, ó sì fi bo imú. Ọwọ́ Islamiyat ti wà lórí ìdérí jálá. Ó tú u díẹ̀. Òórùn tó jáde kò yàtọ̀ sí èyí tó ń jó o lójú. Ṣé ohun tó ń pa wọ́n ni kí òun tún máa fà símú? Ó jọ̀wọ́ jálá náà. Inú omi ló ti híjáàbù bọ̀ àti tówẹ̀lì kan tó rí lára ògiri. Ó fi híjáàbù bo imú àti ẹnu, ó mí sínú, ó sé èémí, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Nísàlẹ̀, gáàsì ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ti dé kókósẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà. Ìyá Mojí wà nínú rẹ̀, ó ń wúkọ́, ó sì ń bínú.

"Ta ló da bílíìṣì sílẹ̀ báyìí? Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Islamiyat kò lè la ẹnu. Ó fi tówẹ̀lì bò ó nímú, ó fà á dìde. Ìyá náà ń já ara rẹ̀ gbà, àfìgbà tó rí ohun tó ń rá pálá nílẹ̀.

"Orókún mi," ló ń sọ láti abẹ́ tówẹ̀lì. "Orókún mi kò lè gun àtẹ̀gùn yẹn kíákíá."

Islamiyat yí ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e pọ̀n bí ọmọ. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rin. Ó gun méje. Níbẹ̀ ni èémí rẹ̀ tán. Ó mí, iná sì wọ̀ ọ́ láyà. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó gbá irin àtẹ̀gùn mú, kò sì mọ èwo ni òkè, èwo ni ìsàlẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ kan gbé Ìyá Mojí kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Akínlolú ni, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi dí imú. "Di bẹ́líìtì mi mú," ló sọ. "Má fi sílẹ̀."

Nígbà tí àwọn panápaná fi máa ti ẹnu sílíńdà náà pa, ọ̀sán ti pọ́n. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀gá Adéyẹmọ àti àwọn mẹ́ta náà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù. Islamiyat lo ọjọ́ méjì, Ìyá Mojí lo mẹ́rin.

Ní ọjọ́ kẹfà, Islamiyat lọ kí ọ̀gá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ohùn ọkùnrin náà há gidigidi.

"Níbo lo ti mọ̀ ọ́n? Pé ilẹ̀ ló ń gbà?"

Ó fẹ́ parọ́ pé ilé ìwé ni. "Inú ìwé ni, sà. Àwọn ìwé ẹranko ẹhànnà yẹn."

Ọ̀gá ti gbọ́ ìyókù lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. "Omi tó o fi rẹ aṣọ ńkọ́?"

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé, sà. Bílíìṣì ni ìwé sọ."

Ọkùnrin náà di ojú. Ìmọ̀ kẹ́mísírì ló kà jáde, bí ìpayà tilẹ̀ gbé e lọ́kàn lọ lọ́jọ́ náà; ó mọ̀ pé gáàsì kan náà ni bílíìṣì ì bá tú sí i nímú. "Jésù," ló sọ. "O ì bá ti pa ara ẹ. O ì bá ti pa ìyá yẹn pẹ̀lú."

"Mo mọ̀, sà."

"Màmá ẹ gbọ́ gbogbo èyí?"

Islamiyat dìde nílẹ̀. Ó kí i pé kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, ó sì jáde. Ó rìn díẹ̀ lójú títì Ring Road. Ó dúró lábẹ́ ibòji ṣọ́ọ̀bù kan, ó yọ fóònù. Ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn ni pé èéfín díẹ̀ ló rú sí òun níbi iṣẹ́, pé àyẹ̀wò lásán ni wọ́n torí ẹ̀ dá òun dúró ní ọsibítù fún ọjọ́ méjì.

"Màmi," ló sọ nígbà tí wọ́n gbé e, "ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Mi ò tíì sọ bó ṣe rí gan-an fún yín."