Dísìkì Mẹ́rin Láìsí Ẹ̀dà

"Àǹtí Tinú, ẹ bá mi wá orúkọ bàbá kan," ni Lará, nọ́ọ̀sì, wí láti ẹnu ọ̀nà. "Adéyẹyè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, láti Èjìgbò. Wọn ò lè sọ̀rọ̀."

Tinúadé ò gbójú sókè. Láti àárọ̀ ló ti kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn náà ní Ìsọlọ̀. Dísìkì kan ti kú nínú mẹ́rin tí àkọsílẹ̀ náà wà lórí wọn, ó sì ti kó ìyókù lọ.

"Kò sí, Lará. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́."

"Àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Dókítà ò lè dúró." Lará sáré padà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ náà, Tinúadé ló ní kí dísìkì jẹ́ mẹ́jọ, ní méjì-méjì, kí ọ̀kan máa kọ ohun tí èkejì ń kọ. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Mẹ́rin péré ló dé. Ọ̀gá Fọlárìn, alábòójútó, ní kó pín àkọsílẹ̀ ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí ẹ̀dà.

"Ó máa yá ju èyí tí o fẹ́ lọ."

"Ó máa yá, sà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ ló kú. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ra ibi tá a ó máa tọ́jú ẹ̀dà sí lọ́tọ̀."

"Àna mi ló gba iṣẹ́ dísìkì yẹn, Tinú. Má dá wàhálà sílẹ̀."

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ tuntun fi dé sábẹ́ ibòji tí ọ̀gá ń gbé ọkọ̀ sí. Tinúadé to dísìkì bí wọ́n ṣe ní kó tò ó.

Lọ́jọ́ tí dísìkì kú náà, nígbà tí Ìyá Ìléríolúwa, ìyàwó tíṣà náà, fi máa dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ọkọ rẹ̀. Ó béèrè abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un. Lará dárúkọ rẹ̀.

"Ara wọn kọ̀ ọ́," ni ìyá náà wí jẹ́jẹ́. "Mo sọ fún yín lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ojú wọn wú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lójú mi."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá ti ń kùn, a máa ṣe Tinúadé bíi pé ẹnì kan ń fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò ṣí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìjọ bá dákẹ́ láti gbàdúrà, ó ń gbọ́ ọ.

Dísìkì mẹ́jọ dé wàyí. Ọ̀gá Fọlárìn fúnra rẹ̀ ló jókòó tẹ àkọsílẹ̀ tíṣà náà padà. Tinúadé kà á: *Kò sí oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀.*

"Sà, èyí kọ́ ló wà níbẹ̀."

"Ta ló rántí?" Ọ̀gá wò ó tààrà. "Àbí ta ló to dísìkì tó kú?"

Ìyá Ìléríolúwa padà wá nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ní kí wọ́n sáà fi ohun tí òun sọ han òun. Tinúadé ni wọ́n pè. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ìyá náà wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà.

"Ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ni ìyá náà wí níkẹyìn. "Àṣé èmi ni mi ò sọ fún yín."

Ó bọ́ awò rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Tinúadé, ó sì rọra ń lọ sílé.